Kí wọ́n tó gé oúnjẹ ọmọ ẹ, ẹ̀tọ́ ẹ ni kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹ

Ìyá Táyé

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Ojú ló ń tì mí tí mi ò fi tètè kọ ọ́.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe ní Amẹ́ríkà níbí. Nínú oṣù kejì, ilé iṣẹ́ wa gé wákàtí mi láti ogójì sí méjìdínlógún lọ́sẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi, onílé ò sì mọ̀ pé wákàtí ẹnikẹ́ni dínkù. Mo lọ gba káàdì oúnjẹ ìjọba, SNAP, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní fúùdù sítáǹpù. Green card mi ti lé ní ọdún márùn-ún, òfin fàyè gbà mí. Síbẹ̀ mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá fẹ́ fi káàdì yẹn rajà, mo máa ń wa mọ́tò lọ sí ibi tó jìnnà, kí n má bàa ṣe kòńgẹ́ ẹni tó mọ̀ mí.

Ìgbà tó yá, lẹ́tà dé. Wọ́n ní mi ò fi ìwé owó iṣẹ́ mi ránṣẹ́, pé wọ́n máa ti káàdì náà pa níparí oṣù. Mo ti fi í ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo pè wọ́n lórí fóònù. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi kọrin sí mi létí, ìlà wá já. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá aláwọ̀ dúdú kan tí mò ń tọ́jú rí ojú mi. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Ó ní kí n mú lẹ́tà náà wá. Ó yí ẹ̀yìn lẹ́tà náà síwájú, ó fi ìka lé ibi tí wọ́n kọ wínníwínní, ó ní, "Ṣé o rí ibí yìí? Ìyá mi wà lára àwọn tó jà kí ó tó débẹ̀." Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé mo lè ní kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ mi, pé tí mo bá sì béèrè kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, káàdì ò gbọdọ̀ kú títí ẹjọ́ á fi parí.

Mo béèrè. Orí fóònù ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Mo ka ọjọ́ tí mo fi ìwé ránṣẹ́ àti nọ́ńbà tí wọ́n fún mi sí wọn létí. Mo jàre.

Ìyá yẹn ló wá dárúkọ obìnrin kan fún mi, Johnnie Tillmon, ọ̀kan lára àwọn ìyá tó jà fún ẹ̀tọ́ yìí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìtàn rẹ̀ kiri. Kí ló dé tí àwa ọmọ Yorùbá tó wà níbí kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yìí láàárín ara wa? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa àwọn ìyá wọ̀nyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ sí i.

Akínwándé

Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Táyé. Inú mi dùn pé ẹ jàre. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi. Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì nìyẹn, òun ni mo sì gbé wọ bàálù wá síbí ní 1998. Mo wa takisí, mo ṣọ́ ilé lóru, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Mo mọ ilé tó jẹ́ pé ìyá gbà á, ọmọ ń gbà á, ọmọ-ọmọ náà ti ń forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí ó má mọ́ àwọn ọmọ wa lára. Mi ò fi bú yín rárá o.

Ọmọ Olùkọ́

Ẹ̀gbọ́n Akínwándé, ẹ má bínú pé mo dá yín lóhùn. Ìtàn obìnrin tí Ìyá Táyé dárúkọ yìí gan-an ló ń bá ọ̀rọ̀ yín wíjọ́.

Arkansas ni wọ́n ti bí Johnnie Tillmon ní 1926. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ ti ń dáko, onílẹ̀ á sì pín nínú irè. Láti kékeré ló ti ń já òwú. Nígbà tó kó wá sí Los Angeles, ilé ìfọṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi í ṣe aṣojú wọn. Òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ mẹ́fà. Ní 1963, àìsàn dá a dúbúlẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó lọ gba owó ìrànwọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ, èyí tí òfin Ààrẹ Roosevelt ti dá sílẹ̀ láti 1935.

Ṣé ẹ rí i pé iṣẹ́ kọ́ ló ń sá fún? Ohun tó rí nígbà tó débẹ̀ ló bí i nínú. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè wọlé ẹni kó yẹ inú kọ́bọ́ọ̀dù wò, kó béèrè ẹni tó ra tẹlifíṣọ̀n. Tillmon bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn àwọn ìyá tó ń gbé ní Nickerson Gardens, ilé ìjọba tó wà ní Watts. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀, iṣẹ́ wà lára ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń béèrè, àti ibi tí wọ́n máa fi ọmọ sí tí wọ́n bá lọ síbi iṣẹ́. Àwọn gan-an ló ń pariwo iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi.

George Wiley náà wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì ni ní Syracuse University, ó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ó ṣí ọ́fíìsì kékeré kan ní Washington ní 1966 láti so irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀. Nínú oṣù kẹfà ọdún yẹn, àwọn tálákà ti fẹsẹ̀ rìn láti Cleveland dé Columbus ní Ohio, máìlì 155, nítorí owó tí kò tó jẹun. Ọdún kejì ni wọ́n gbé National Welfare Rights Organization kalẹ̀, Tillmon sì di alága. Nígbà tó fi máa di 1969, àwọn tó ń san owó ẹgbẹ́ ti lé ní 20,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà rèé. Ní oṣù kejì ọdún 1968, Dr. Martin Luther King, aṣíwájú ìjà ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, lọ bá wọn ní Chicago, ó fẹ́ kí wọ́n dara pọ̀ mọ́ ìwọ́de àwọn tálákà tó ń gbèrò. Àwọn ìyá yìí bi í léèrè òfin tuntun tí Ààrẹ Johnson ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí, èyí tó fẹ́ fi òdiwọ̀n sí iye ọmọ tí owó náà á kárí. King ò mọ̀ ọ́n. Tillmon sọ fún un pé tí kò bá mọ̀, kó sáà sọ pé òun ò mọ̀, kí ìpàdé lè máa lọ. Ẹni tó ti gba ẹ̀bùn Nobel ni o! King sì gbà, ó ní kíkọ́ làwọn wá kọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì nítorí ọjọ́ yẹn.

Ọmọ Àkúrẹ́

Ẹ dákun, ilé ni mo wà, mo kàn ń kà á ni. Ṣé lóòótọ́ lebi ń pa èèyàn ní Amẹ́ríkà?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Lóòótọ́ ni, àbúrò mi. Ní 2023, àwọn tí ìjọba fúnra rẹ̀ kà sí tálákà níbí jẹ́ mílíọ̀nù 36.8. Owó iṣẹ́ tó kéré jù tí òfin àpapọ̀ là kalẹ̀ jẹ́ dọ́là 7.25 fún wákàtí kan, láti 2009 ni wọn ò ti fi sẹ́ǹtì kan kún un. Ní wọ́ọ̀dù wa, tí oṣù bá ti ń parí lọ, a máa ń rí àwọn alátọ̀gbẹ tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ insulin tí wọn ò sì rí oúnjẹ jẹ lé e. Wọ́n á dákú, wọ́n á gbé wọn wá. Ọ̀pọ̀ wọn ló níṣẹ́ lọ́wọ́.

Dèjì

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò tó ń ṣe ẹjọ́ ọ̀fẹ́ fún aláìní ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò kì í ṣe agbẹjọ́rò fúnra mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wínníwínní tó wà lẹ́yìn lẹ́tà yẹn ti wá.

Obìnrin kan wà ní Selma, Alabama, Sylvester Smith. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ń tọ́ ọmọ mẹ́rin. Iṣẹ́ alásè àti agbáwo ló ń ṣe, láti ààgo mẹ́ta ààbọ̀ òru títí di ọ̀sán gangan, owó tó ń gbà jẹ́ dọ́là 16 sí 20 lọ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Akínwándé, ẹ ka wákàtí yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní 1966, wọ́n gé owó àwọn ọmọ rẹ̀ nítorí pé ọkùnrin kan ń bẹ̀ ẹ́ wò ní òpin ọ̀sẹ̀. Òfin Alabama ní ọkùnrin yòówù tó bá ń wọlé bẹ́ẹ̀ ti di bàbá àwọn ọmọ, bí kò tilẹ̀ fún wọn ní kọ́bọ̀. Ìyá yìí kọ̀, ó pẹjọ́. Ní June 17, 1968, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a láre, adájọ́ kan ò sì ta kò ó.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n tún fagi lé òfin tó ní kí tálákà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìpínlẹ̀ kan fi ebi panú fún odidi ọdún kan kó tó lè gba ìrànwọ́.

Èyí tó wá kan Ìyá Táyé ni ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Goldberg v. Kelly, tí Ilé Ẹjọ́ yẹn kan náà dá ní March 23, 1970. New York ni ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ayé ìgbà yẹn, ìjọba á gé owó ẹni ná, kí ó tó wá ráyè ṣàròyé, ebi á sì ti ṣe tiẹ̀ lára ọmọ. Adájọ́ Brennan kọ ọ́ pé ẹni tí kò ní nǹkan mìíràn tí yóò jẹ ò lè dúró de ìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ rí ẹni tó ń fẹ̀sùn kàn án, kó sọ tẹnu rẹ̀, kó bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan owó náà. Nílé wa, gbogbo wa la mọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó di 1970 kí ó tó di òfin fún tálákà Amẹ́ríkà, ó sì jẹ́ nítorí pé àwọn ìyá ti kún inú ọ́fíìsì lọ́gọ́ọ̀rọ̀, tí wọ́n kọ̀ tí wọn ò lọ sílé.

Fún ẹni tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá dé bá lórí SNAP: wọ́n gbọ́dọ̀ fún ẹ ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó gé e. Tó o bá ti béèrè fún gbígbọ́ ẹjọ́ kí ọjọ́ yẹn tó pé, sọ fún wọn pé kí káàdì máa ṣiṣẹ́ lọ. Tó o bá pẹ́, o ṣì ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti béèrè, àmọ́ káàdì á ti kú ná. Mi ò ní fi èyí pamọ́ fún yín: tó o bá jẹ̀bi níkẹyìn, wọ́n lè ní kó o dá èyí tó o jẹ láàárín ìgbà ẹjọ́ padà.

Bàbá Agbolé

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Ọmọ mi obìnrin ló bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1968, ẹni ọdún méjìlélógún ni mí, mo ń kàwé ní Howard University ní Washington. Ogun Biafra ń jà nílé. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, etí rédíò la máa ń wà, lẹ́tà ilé la máa ń retí. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà kò kàn wá, bẹ́ẹ̀ la rò.

Wọ́n wá pa Dr. King ní Memphis lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹrin. Nítorí àwọn tó ń kó ìdọ̀tí, tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, ló ṣe wà níbẹ̀. Iná sọ ní 14th Street, èéfín rẹ̀ wọ yàrá wa. Nígbà tí oṣù karùn-ún dé, àwọn tálákà wọ ìlú. Ìyàwó King ló ṣíwájú àwọn ìyá ọlọ́mọ lọ́jọ́ kejìlá, tó bọ́ sí ọjọ́ àwọn ìyá. Àwọn kan fi kẹ̀kẹ́ tí ìbaaka ń fà gbéra láti Marks ní Mississippi. Wọ́n fi pákó kọ́ ahéré sórí pápá tó wà nítòsí ère Lincoln, wọ́n sọ ọ́ ní Resurrection City, ìlú àjíǹde. Òjò ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Bó ṣe ń rọ̀ lónìí, bẹ́ẹ̀ ló tún ń rọ̀ lọ́la. Ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀.

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà ni mo lọ síbẹ̀, ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù, wọ́n ní a tó 50,000. Mo rí àwọn ọmọ Mẹ́síkò, mo rí àwọn tí wọ́n ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé. Obìnrin òyìnbó kan jókòó sẹ́nu ahéré, ó wá láti àwọn òkè tí wọ́n ti ń wa èédú. Bàtà ọmọ rẹ̀ ò ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó fi páálí sí i nínú, páálí ti rẹ. Títí di ọjọ́ yẹn, mi ò mọ̀ pé òyìnbó lè tòṣì tó bẹ́ẹ̀. Mo fún un ní dọ́là méjì tó wà lápò mi. Ó bi mí níbi tí mo ti wá, mo ní Nàìjíríà. Ó ní òun gbọ́ pé ebi ń pa àwọn ọmọdé lọ́dọ̀ yín, ṣé wọ́n ti ń rí oúnjẹ? Ẹrẹ̀ lòun wà o, ó ń béèrè ọmọ wa.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìnlélógún, ọlọ́pàá wá tú wọn ká. Kò tó ọ̀sẹ̀ méje tí wọ́n fi wà níbẹ̀. Mi ò tíì gbàgbé obìnrin yẹn.

Ìyá Táyé

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo ń ka tiyín lọ, omi ń bọ́ lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n fi Ruby Duncan kún un, nítorí ìtàn tirẹ̀ ló kọ́kọ́ fún mi lágbára. Oko òwú ní Louisiana lòun náà ti dàgbà. Ó wá sí Las Vegas, ó ń ṣiṣẹ́ ní kíṣìnnì hòtẹ́ẹ̀lì, ó yọ̀ ṣubú, ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́. Nígbà tí 1971 bẹ̀rẹ̀, ìpínlẹ̀ Nevada gé owó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé láìgbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni, lẹ́yìn tí Goldberg ti di òfin! Ní March 6, Duncan àti àwọn ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ọmọ wọn, wọ́n rìn lọ sí títì tí gbogbo ilé tẹ́tẹ́ wà, wọ́n wọ Caesars Palace lọ. Tẹ́tẹ́ dúró. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí adájọ́ ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n dá owó náà padà fún wọn. Àwọn ìyá yẹn ò wá jókòó o. Wọ́n dá Operation Life sílẹ̀, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn àti ilé ìkàwé fún àwọn ọmọ ní àdúgbò tí kò ní irú rẹ̀ rí.

Èmi tí mò ń wa mọ́tò lọ sí ibi tó jìnnà kí ẹnikẹ́ni má bàa rí mi. Àwọn yẹn gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé.

Akínwándé

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì ti lọ ronú. Ohun kan ṣì wà. Tó bá jẹ́ pé ìjà yẹn dára tó báyìí, kí ló dé tí Ààrẹ Clinton, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat bíi ti Roosevelt àti Johnson, fi òpin sí owó àwọn ìyá yẹn ní 1996? Ó ní láti jẹ́ pé àwọn aráàlú ti rí nǹkan kan.

Ọmọ Olùkọ́

Ìbéèrè tó dáa ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá yẹn ti kú kí 1996 tó dé. Ní 1969, Ààrẹ Nixon mú àbá kan wá pé kí gbogbo ìdílé ẹni mẹ́rin tó tálákà ní 1,600 dọ́là lọ́dún, ó kéré tán. Àwọn ìyá ní ẹ̀gàn ni, 5,500 ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n bá àwọn tí kò fẹ́ kí tálákà gba nǹkan kan rárá pàdé lójú kan náà, àbá náà kú. Lérò tèmi, wọ́n ì bá gbà á kí wọ́n máa jà lọ fún ìyókù, àmọ́ mi ò sí nínú bàtà wọn. Ní 1973, Wiley já sínú omi láti inú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ó kú. Ní 1975, gbèsè ti ẹgbẹ́ náà pa. Láti ìgbà náà, ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìyá yẹn, kò sì sí ohùn tiwọn tó lágbára láti fèsì.

Òfin August 22, 1996 kan àwa náà. Òun ló ní kí ẹni tó bá ní green card dúró fún ọdún márùn-ún kó tó lè gba ọ̀pọ̀ nínú ìrànwọ́ yìí. Ó fi oṣù 60 ṣe òdiwọ̀n fún ìyá ọlọ́mọ ní gbogbo ayé rẹ̀. Bílíọ̀nù 16.5 dọ́là tí wọ́n là sílẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ lọ́dọọdún nígbà náà, iye yẹn náà ló ṣì wà títí di òní, ẹ wo bí ọjà ṣe gbówó lórí tó.

Ìdánwò kan wáyé ní 2021. Ìjọba Biden gbé owó tí ìjọba ń fún àwọn òbí nítorí ọmọ wọn, nípasẹ̀ owó orí, sókè, ó dé 3,600 dọ́là fún ọmọ tí kò tíì pé mẹ́fà, 3,000 fún àwọn tó dàgbà díẹ̀, láti July dé December sì ni apá kan rẹ̀ fi ń wọlé lóṣooṣù. Tá a bá ka ìrànwọ́ ìjọba mọ́ owó tó ń wọlé, ọmọ tó tálákà já sí ìdá 5.2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún yẹn. Wọ́n dá a dúró. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó di 12.4. Ọdún kan péré. Ìwà àwọn òbí ò lè ti yí padà láàárín ọdún kan.

Akínwándé

Mo gbà owó yẹn. Àbígbẹ̀yìn mi jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, 250 dọ́là ń wọ àkáǹtì lóṣooṣù, mo fi ra bàtà àti gíláàsì ojú fún un. Mo jókòó níbí lálẹ́ àná, mo kọ ọ́ pé mi ò gba kọ́bọ̀. Mi ò purọ́, kò tiẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé ìrànwọ́ ni. Mi ò wá ń rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín tèmi àti káàdì Ìyá Táyé mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ foríjì mí, Ìyá Táyé.

Ìyá Táyé

Kò sí ohun tí mo fẹ́ foríjì, ẹ̀gbọ́n. Bí èmi náà ṣe ń rò ó nìyẹn kí lẹ́tà tó dé.

Àbẹ̀kẹ́

Ẹ káàbọ̀ ẹnu iṣẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ibí yìí, n kì í kọ nǹkan. Irú lẹ́tà yẹn wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní káàdì máa kú lọ́jọ́ 31, òní sì jẹ́ 27. Ọkọ mi ní ká fi sílẹ̀ kí wọ́n má bàa tìtorí rẹ̀ dojú ìwé wa rú. Ọmọ ìlú níbí làwọn ọmọ méjèèjì.

Dèjì

Àbẹ̀kẹ́, béèrè lálẹ́ yìí. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ìlú kì í dúró de ọdún márùn-ún. Ọmọ tí kò tíì pé méjìdínlógún tó ní green card náà kì í dúró. Bíbéèrè fún gbígbọ́ ẹjọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀tọ́ ni. Ní ti ìwé yín, ẹ̀rù ọkọ ẹ ò ṣàìnídìí, òfin ń yí padà lemọ́lemọ́. Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní July 2025 ti yọ àwọn asásálà tí kò tíì ní green card kúrò nínú SNAP, ó sì ti fa ọjọ́ orí àwọn tó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí iṣẹ́ hàn dé 64. Nítorí náà, pe 211, nọ́ńbà tí wọ́n ti ń darí èèyàn síbi ìrànwọ́, láàárọ̀, ní kí wọ́n darí ẹ sí agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ tó mọ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Má gba ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ìdí irun dídì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè fún ẹjọ́ ò gbọdọ̀ dúró de àárọ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Tí èyí tó kéré nínú wọn bá ṣì wà lábẹ́ ọdún márùn-ún, lọ síbi WIC pẹ̀lú, ètò oúnjẹ ìjọba fún àwọn ìyá àti ọmọ kékeré. Wọ́n á fún un ní wàrà, ẹyin àti èso. Wọn kì í béèrè green card níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́

Mo ti kọ ọ́, mo ti fi í ránṣẹ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí káàdì máa ṣiṣẹ́ lọ bí Bọ̀dá Dèjì ṣe wí. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà kan. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ìyá Táyé

Kọ nọ́ńbà náà sórí ìwé pẹ̀lú ọjọ́ òní, má fi sínú fóònù nìkan. Ààgo mẹ́sàn-án ni mo máa dé láti ibi iṣẹ́ lọ́la. Fi nọ́ńbà fóònù ẹ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, màá pè ẹ́, a ó jọ to àwọn ìwé tó o máa kà fún wọn.